Kí Ẹ Tó Ki Fíìmù Bọ Kámẹ́rà Àtijọ́

Bí ẹ bá fi kámẹ́rà díjítà yàwòrán, ojú ẹsẹ̀ lẹ ti máa mọ̀ bóyá ó dára. Fíìmù ò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe ló máa gbà, á sì panu mọ́ títí di ọjọ́ tí ẹ bá fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́. Bí ṣọ́tà, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù, ò bá ṣí dáadáa, bí ìmọ́lẹ̀ bá ń jò wọlé láti ẹ̀yìn kámẹ́rà, tàbí tí fíìmù ò tiẹ̀ kúrò lójú kan látìgbà tí ẹ ti kì í sínú rẹ̀, kò sí nǹkan kan tó máa ta yín lólobó. Kéèyàn na fíìmù tútù sókè síwájú ìmọ́lẹ̀, kó máa wá àwòrán lára rẹ̀, kó má rí ẹyọ kan, ìbànújẹ́ ńlá ni, torí ọjọ́ tó yà kò ní padà wá mọ́. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àyẹ̀wò mi fi máa ń ṣáájú fíìmù. Ohun tí ìrírí ti kọ́ mi nípa wọn ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ fún ẹni tó ń ra kámẹ́rà fíìmù tàbí lẹ́ńsì àtijọ́ lónìí, pàápàá ẹni tó jẹ́ pé díjítà ló fi kọ́ àwòrán yíyà.

Wọ́n ṣì ń ṣe kámẹ́rà fíìmù tuntun. Pentax gbé Pentax 17 jáde lọ́dún 2024. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni àwọn tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1960 sí 1990: Pentax K1000, tí wọ́n ṣe láti 1976 di 1997, Canon AE-1 tó jáde ní 1976, Nikon FM2 tó jáde ní 1982. Nǹkan àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè ni pé, bí bátìrì bá kú, ṣé kámẹ́rà náà á ṣì ṣiṣẹ́? K1000 àti FM2 á ṣiṣẹ́, torí mítà ìmọ́lẹ̀ nìkan ni bátìrì wà fún. Ní ti AE-1, bí bátìrì bá ti kú, ṣọ́tà ò ní dún rárá. Èmi á gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn pé kó mú èyí tí irin àti sípíríǹgì ń wà. Ó rọrùn láti tún ṣe, gbogbo ohun tó ń ṣe lẹ sì lè fojú rí, kí ẹ fetí gbọ́.

Àyẹ̀wò ṣọ́tà ló máa ń ṣáájú. Ẹ yọ lẹ́ńsì, ẹ ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà tí kò ní fíìmù nínú, ẹ kọ iwájú rẹ̀ sí fèrèsé tó mọ́lẹ̀, kí ẹ wá máa wò ó láti ẹ̀yìn. Ẹ tẹ ṣọ́tà lórí 1/1000, ìyẹn ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá. Ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ kan yẹ́ ojú yín kọjá lórí gbogbo ojú fíìmù náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣókùnkùn, ọ̀kan nínú aṣọ ṣọ́tà méjèèjì (aṣọ tàbí irin tó ń tẹ̀lé ara wọn kọjá níwájú fíìmù) ti ń lọ́ra, ìdajì àwòrán ló sì máa dúdú. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bọ́ sí ìṣẹ́jú àáyá 1, ẹ fetí sí i. Ariwo jíà tó ń lọ geere lẹ fẹ́ gbọ́. Bó bá ń dákú dájí, tàbí tó há sí àárín, òróró inú rẹ̀ ti di. Kámẹ́rà tó ti sùn fún ọ̀pọ̀ ọdún sábà máa ń há bẹ́ẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra lórí gbogbo ìyára tó ní, kí ẹ tó dá a lẹ́jọ́. Bí kò bá yí padà, iṣẹ́ ẹni tó ń tún kámẹ́rà ṣe ni. Ẹ má fín òróró sí i láti ìta, torí orí aṣọ ṣọ́tà àti ewé irin inú lẹ́ńsì, èyí tó ń mú kí ihò lẹ́ńsì fẹ̀ tàbí kó dín kù, ló máa gbẹ̀yìn sí.

Fóònù wúlò gan-an níbí. Bí ó bá lè ká fídíò tó ń falẹ̀, èyí tó ń ya fírémù 240 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ fi ká ẹ̀yìn kámẹ́rà bí ẹ ṣe ń tẹ ṣọ́tà. Lórí 1/30, ó yẹ kí ṣọ́tà wà ní ṣíṣí fún nǹkan bíi fírémù 8. Lórí 1/60, nǹkan bíi 4. Bí 1/30 bá lo fírémù 12, ẹ ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé fi ìdajì ju bó ṣe yẹ lọ. Fún ìyára tó ju 1/125 lọ, fóònù ò lè sọ òótọ́ mọ́.

Bí aṣọ ṣọ́tà bá jẹ́ aṣọ lóòótọ́, kì í ṣe irin, ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti iwájú, ẹ wo ẹ̀yìn. Ihò tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ á tàn, ihò yẹn á sì fi àmì funfun sórí àwòrán. Àwọn kámẹ́rà tí kò ní dígí nínú (dígí tí a fi ń rí ohun tí lẹ́ńsì ń rí), irú bíi Leica M, ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, torí bí ẹ bá gbé e sílẹ̀ tó kọjú sí oòrùn láìfi ìdérí bo lẹ́ńsì, lẹ́ńsì náà lè jó aṣọ ṣọ́tà lu.

Fóòmù dúdú tó wà ní etí ẹ̀yìn kámẹ́rà àti lókè ibi tí dígí máa ń gbá, òun ló ń dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ìta. Bó bá ti darúgbó, ó máa ń di nǹkan tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tó ń rún wẹ́wẹ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú igi ìtayín. Bí kò bá padà sókè, ó ti kú. Ẹ fi igi ìtayín yọ èyí tó pọ̀, ẹ rẹ òwú orí igi sínú ọtí isopropyl, ẹ fi nu ìyókù títí kòtò náà á fi mọ́ tónítóní, kí ẹ tó lẹ fóòmù tuntun, èyí tó nípọn díẹ̀ lápá ibi tí ẹ̀yìn kámẹ́rà ti so mọ́ ara rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra kí èérún rẹ̀ má bọ́ sórí dígí tàbí sórí aṣọ ṣọ́tà. Dígí inú kámẹ́rà kò dà bí dígí ilé. Iwájú gan-an ni fàdákà rẹ̀ wà, bí ẹ bá nù ún, ẹ ti ha á nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ti da àwòrán ọ̀pọ̀ èèyàn rú láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ìgbà 1960 àti 1970 ni wọ́n ṣe fún bátìrì mẹ́kúrì PX625 tó jẹ́ fóltì 1.35. Wọn ò ṣe é mọ́ nítorí májèlé inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà dípò rẹ̀ jẹ́ fóltì 1.5, agbára rẹ̀ sì máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà, mítà á wá máa rò pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe wà lọ, àwòrán á sì ṣókùnkùn. Ohun tí mo fi ń yanjú rẹ̀ ni bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, nọ́ńbà 675, tó jẹ́ fóltì 1.4. Ó kéré sí ihò bátìrì náà, nítorí náà ẹ fi òrùká rọ́bà kékeré yí i ká. Bí ẹ bá ti ṣí bébà ẹ̀yìn rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ wọ̀ ọ́, ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí oṣù díẹ̀ ló máa lò. Pentax Spotmatic yàtọ̀. Bí wọ́n ṣe to wáyà mítà rẹ̀, kò bìkítà fún ìyàtọ̀ fóltì kékeré yẹn. Bí ẹ bá rí ìpata aláwọ̀ ewé níbi tí bátìrì ń jókòó, ọtí kíkan lórí òwú á yọ ọ́.

Tọ́ọ̀ṣì náà la fi ń yẹ lẹ́ńsì wò. Ẹ ṣí ihò lẹ́ńsì tán pátápátá, ẹ tan iná sí i láti ẹ̀yìn, ẹ wò ó láti iwájú ní ẹ̀gbẹ́gbẹ̀ẹ́. Eruku díẹ̀ ò ba nǹkan kan jẹ́, ibi kékeré tí nǹkan ti ha níwájú náà ò tó nǹkan. Ẹ wá fọ́ńgọ́ọ̀sì, tó máa ń tàn káàkiri bí òwú aláǹtakùn. Ẹ wá kùrukùru tó bo gbogbo dígí, tó máa ń sọ àwòrán di aláìlágbára. Ẹ wá àwọ̀ òṣùmàrè ní etí dígí, èyí tó ń fi hàn pé gọ́ọ̀mù tó so dígí méjì pọ̀ ti ń ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ìkọ́ kékeré ẹ̀yìn lẹ́ńsì, kí ẹ wá fi ìkọ́ náà sílẹ̀. Kíá ni ewé irin inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ padà. Bó bá ń fà wálẹ̀ jẹ́jẹ́, òróró ti yọ́ sí i lára, ihò ò sì ní tíì dín kù tán kí ṣọ́tà tó ṣí.

Bí ẹ bá rí Super-Takumar 50mm f/1.4, lẹ́ńsì àtijọ́ Pentax kan, tí dígí rẹ̀ ti pọ́n bíi tíì, kì í ṣe ẹ̀gbin. Tóríọ̀mù, irin tó ń tú ìtànṣán jáde, wà nínú ọ̀kan lára dígí rẹ̀, ìtànṣán tóríọ̀mù náà ló sì ń sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Bí ẹ bá fi sí abẹ́ iná UV tàbí sínú oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan, á padà funfun. Kò sí ìbẹ̀rù nínú kéèyàn fi yàwòrán, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gún dígí náà, ẹ má ha á, kí ẹ má baà fa eruku rẹ̀ símú.

Ibi tí díjítà ti wúlò jù fún mi nìyí: kí ẹ dán lẹ́ńsì àtijọ́ wò lórí kámẹ́rà díjítà tí kò ní dígí (mirrorless) kí ẹ tó náwó fíìmù lé e lórí. Bóyá adápítọ̀, òrùká tó ń so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà tí kì í ṣe tirẹ̀, á ṣiṣẹ́ tàbí kò ní ṣiṣẹ́, ìṣirò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ìyẹn ìjìnnà láti ẹnu ibi tí lẹ́ńsì ń jókòó dé orí fíìmù tàbí sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà díjítà). Orúkọ oríṣi ẹnu lẹ́ńsì ni àwọn wọ̀nyí: ti Nikon F jẹ́ mm 46.5, M42 mm 45.46, Canon EF mm 44, Canon FD mm 42. Ti Canon RF jẹ́ mm 20, Sony E mm 18, Nikon Z mm 16. Ti lẹ́ńsì gbọ́dọ̀ gùn ju ti kámẹ́rà lọ, kí adápítọ̀ lè dí àlàfo tó kù. Nítorí náà lẹ́ńsì M42 á jókòó lórí Canon EF pẹ̀lú òrùká tó nípọn mm 1.46, ṣùgbọ́n lórí Nikon F kò ní lè fókọ́ọ̀sì ohun tó jìnnà, àfi tí dígí míì bá wà nínú adápítọ̀ náà, dígí yẹn a sì máa ba àwòrán jẹ́ díẹ̀. Sony E, Nikon Z àti Canon RF ń gba gbogbo wọn.

Ẹ lọ sínú ètò kámẹ́rà, ẹ jẹ́ kó gbà láti tẹ ṣọ́tà láìsí lẹ́ńsì, torí kò ní mọ̀ pé lẹ́ńsì wà níwájú òun. Bí ara rẹ̀ bá ní ohun tó ń dènà gbígbọ̀n, ẹ tẹ gígùn lẹ́ńsì (nọ́ńbà mm tí wọ́n kọ sí i lára) sí i, 50 tàbí 58, bó bá ṣe jẹ́. Púpọ̀ nínú lẹ́ńsì M42 ní bọ́tìnnì A àti M. Ẹ fi sí M, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ṣíṣí ni ihò rẹ̀ máa wà ní gbogbo ìgbà. Lẹ́ńsì Helios 44-2 ní tirẹ̀ ní òrùká méjì: ẹ fi ọ̀kan yan f (nọ́ńbà tó ń sọ bí ihò ṣe fẹ̀ tó; bó bá ṣe kéré sí ni ihò ń fẹ̀ sí) tí ẹ fẹ́, ẹ fi èkejì ṣí i sí f/2 láti fókọ́ọ̀sì, kí ẹ wá yí i padà títí á fi dúró níbi tí ẹ yàn. Ìyípo tó ń ṣe lẹ́yìn àwòrán, tí gbogbo èèyàn ń wá, kì í ṣàdédé wá. Ẹ ṣí i sí f/2, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ ń yà wà ní mítà 1 sí 2, kí ewé igi tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín rẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Níwájú ògiri lásán, ẹ ò ní rí i.

Fíìmù wá kàn. Ẹ ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà níbi tí òjìji wà. Agolo fíìmù á bọ́ sọ́wọ́ òsì. Ẹ fa ahọ́n rẹ̀ kọjá ojú ṣọ́tà, ẹ ki orí rẹ̀ bọ ihò rólà ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ má tíì ti ẹ̀yìn. Ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ rí i pé eyín ti wọ inú ihò kéékèèké etí fíìmù lókè àti nísàlẹ̀, kí ẹ tó tì í. Ẹ wá yí kọ́ńkó tó wà lókè lọ́wọ́ òsì, èyí tí a fi ń ká fíìmù padà, síhà ibi tí ọfà rẹ̀ kọjú sí, jẹ́jẹ́, títí ó fi le. Ẹ dúró níbẹ̀. Ní báyìí, ẹ tẹ ṣọ́tà, ẹ fa fíìmù, kí ẹ tẹjú mọ́ kọ́ńkó yẹn. Bó bá ń yí fúnra rẹ̀ bí ẹ ṣe ń fà, fíìmù ń rìn. Bó bá dúró gbọn-in, fíìmù ti yọ kúrò lára rólà, nọ́ńbà orí kámẹ́rà á sì máa kà lọ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Títí dé àwòrán 36 ni mo máa ń wo kọ́ńkó náà. Bó bá parí, ẹ tẹ bọ́tìnnì kékeré ìsàlẹ̀ kámẹ́rà kí ẹ tó ká a padà. Ẹni tó bá fipá ká a láìtẹ bọ́tìnnì yẹn á fa fíìmù ya.

Ẹni tó ti mọ́ díjítà lára ti kọ́ láti máa ṣọ́ ibi tó mọ́lẹ̀ jù, kó má baà jó. Nẹ́gẹ́tífù, fíìmù tí ibi tó mọ́lẹ̀ ti máa ń dúdú, fẹ́ òdìkejì rẹ̀. Ibi tó ṣókùnkùn ni kí ẹ ṣọ́, torí bí ìmọ́lẹ̀ ò bá dé ibẹ̀, kò sí ohun tó máa wà níbẹ̀ láti gbà padà, nígbà tí fíìmù aláwọ̀ bíi Portra 400 lè gba ìlọ́po méjì ìmọ́lẹ̀ láìjanpata. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń fi Portra 400, tó jẹ́ ISO 400 (nọ́ńbà bí fíìmù ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ tó), sí 200 lórí mítà. Fíìmù sìláìdì bíi Ektachrome E100, tí àwòrán rẹ̀ máa ń jáde bí ojú ṣe rí i, ò gba irú eré bẹ́ẹ̀. Ìdajì stọ́ọ̀pù (stọ́ọ̀pù kan ni kí ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì tàbí kó dín sí ìdajì) ti tó láti bà á jẹ́, òun sì ni kí ẹ ṣọ́ bí díjítà.

Bí mítà bá kú, oòrùn tó mọ́lẹ̀ kedere jẹ́ f/16, kí ìyára ṣọ́tà sún mọ́ nọ́ńbà ISO: ISO 400 fẹ́ 1/500. Ẹ wo òjìji ilẹ̀. Bí etí rẹ̀ kò bá mú mọ́, f/11. Bí òjìji ò bá sí mọ́, f/8. Bí ìkùukùu bá wúwo, f/5.6. Lábẹ́ òjìji ilé tó kọjú sí ojú ọ̀run gbalasa, f/4. Ní alẹ́, fíìmù máa ń rẹ̀: lórí HP5 Plus, fíìmù dúdú-àti-funfun kan, bí mítà bá ní ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ fún un ní nǹkan bíi 20.

Bí ẹ bá ń wọ bàálù, ẹ má fi fíìmù tí ẹ kò tíì fọ̀ sínú ẹrù tó ń lọ sábẹ́ bàálù. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ẹrù yẹn wò lágbára púpọ̀. Àwọn ẹ̀rọ CT tuntun tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù ọwọ́ wò náà lè ba fíìmù jẹ́. Ẹ kó o sínú ọ̀rá tí wọ́n lè rí inú rẹ̀, kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Fíìmù dúdú-àti-funfun rọrùn láti fọ̀ nílé ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ. Fún HP5 Plus mílímítà 35 kan, táǹkì Paterson tí a fi ń fọ̀ ọ́ fẹ́ 290 ml. Mo máa ń po 300: ID-11 (kẹ́míkà tó ń mú àwòrán jáde) 150 ml, omi 150 ml, ní 20°C, ìṣẹ́jú 13. Ìgbà 4 lẹ máa dojú táǹkì dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá 10 àkọ́kọ́, kí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wá gbá ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ìfófòó má dúró lára fíìmù. Bí omi bá gbóná ju 20°C lọ, ẹ gbé ìgò kẹ́míkà sínú omi yìnyín títí á fi wálẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, omi kẹ́míkà tó ń dá iṣẹ́ ID-11 dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kí ẹ wá fi Rapid Fixer (kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ba àwòrán jẹ́ mọ́) 60 ml pẹ̀lú omi 240 ml ṣe é fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Láti ṣàn án, ẹ rọ omi sí i, ẹ dojú rẹ̀ dé nígbà 5, ẹ dà á nù; omi míì, ìgbà 10; omi míì, ìgbà 20. Rílù tí a ń ká fíìmù sí nínú táǹkì gbọ́dọ̀ gbẹ gan-an kí ẹ tó ki fíìmù bọ̀ ọ́ nínú òkùnkùn. Ìkán omi kan péré lè mú kó há.

Fíìmù aláwọ̀ le díẹ̀, torí 38°C fún ìṣẹ́jú 3 àti àáyá 15 ni, ìwọ̀n ooru náà ò sì gbọ́dọ̀ yẹ̀. Ẹ má sì gbé fíìmù sinimá tó ní èédú dúdú lẹ́yìn rẹ̀ fún ẹni tó ń fọ fíìmù lásán láìsọ fún un, torí èédú yẹn á ṣí dà sínú kẹ́míkà, á ba fíìmù àwọn ẹlòmíì jẹ́.

Bí fíìmù bá jáde, ìgbà yẹn ló máa tó sọ̀rọ̀. Ẹ má wo àwòrán nìkan, ẹ wo nọ́ńbà àti lẹ́tà etí rẹ̀, torí ilé iṣẹ́ tó ṣe fíìmù ló fi ìmọ́lẹ̀ kọ ọ́, kámẹ́rà yín ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí fíìmù bá mọ́ gaara láìsí àwòrán kankan, ṣùgbọ́n tí nọ́ńbà etí rẹ̀ dúdú dáadáa, fífọ̀ dára. Kámẹ́rà ni ẹ lọ wò, bóyá fíìmù ò rìn tàbí ṣọ́tà ò ṣí. Bí nọ́ńbà náà ò bá sí rárá, kẹ́míkà ti kú, tàbí ẹ ti da fixer ṣáájú. Bí àwòrán àti nọ́ńbà bá jọ ṣá, ẹ ò fọ̀ ọ́ pẹ́ tó. Bí àwòrán nìkan bá ṣá, ìmọ́lẹ̀ ló kéré. Bó bá rí bíi wàrà, ẹ dá a padà sínú fixer, á mọ́.

Láti sọ ọ́ di díjítà, lẹ́ńsì àtijọ́ tún wúlò. Micro-Nikkor 55mm f/2.8 pẹ̀lú òrùká PK-13, tó ń sún lẹ́ńsì síwájú kúrò lára kámẹ́rà, á jẹ́ kí fírémù 24 × 36 mm kún sẹ́ńsọ̀ fúúlù-fírémù, èyí tó tóbi tó fírémù fíìmù náà. Ẹ gbé dígí kékeré pẹlẹbẹ síbi tí fíìmù máa wà, kí ẹ sún kámẹ́rà títí lẹ́ńsì yóò fi rí ara rẹ̀ láàárín gbùngbùn dígí náà. Ìgbà yẹn ni ohun gbogbo tó ṣe gbọọrọ. Ẹ fi iná tí CRI rẹ̀ (nọ́ńbà bó ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an) tó 95 sábẹ́ fíìmù, kí àlàfo díẹ̀ wà láàárín wọn, ẹ pa iná yàrá, ẹ yà á ní RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe), ISO 100, f/8. Bó bá jẹ́ fíìmù aláwọ̀, ẹ jẹ́ kí etí rẹ̀ tí kò ní àwòrán hàn díẹ̀, torí àwọ̀ ọsàn tó wà níbẹ̀ lẹ máa fi ṣètò àwọ̀ funfun kí ẹ tó yí nẹ́gẹ́tífù padà. Ẹ gé fíìmù ní mẹ́fà-mẹ́fà, ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá polypropylene, kì í ṣe PVC, kí ẹ sì kọ orúkọ kámẹ́rà, lẹ́ńsì àti ISO tí ẹ lò sórí rẹ̀ kí ẹ tó gbé e sí ibi tó gbẹ.